Àbúrò, fi owó FAA sílẹ̀ ná, ìwé iṣẹ́ tìẹ ni kó o lọ kà

Àbúrò, ọ̀rọ̀ tó o béèrè yìí, mo mọ̀ ọ́n dénú egungun. O ní kọ̀ńtírólà alágbádá tó ń darí bàálù lo jẹ́ ní àgọ́ àwọn ológun l'Amẹ́ríkà, bàálù tó bá kúrò lọ́wọ́ yín, ọwọ́ àwọn ará FAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú alágbádá, ló ń bọ́ sí, àmọ́ owó tiwọn fi tiyín sílẹ̀ jìnnà, ṣé o lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lábẹ́ òfin owó ọgbọọgba. Má dánwò o. Mo ti rin ọ̀nà yẹn rí, ọdún méjì gbáko ló gbé mì.

Òfin 1963 tó ò ń sọ yẹn, Equal Pay Act, ti ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbi iṣẹ́ kan náà ni. Tí obìnrin kan bá wà ní táwà yín tí wọ́n ń rẹ́ owó ẹ̀ jẹ torí pé ó jẹ́ obìnrin, ẹjọ́ wà ńbẹ̀, kó tètè wá lọ́yà. Ìwọ àti FAA ńkọ́? Ọdún 1996 ni wọ́n ti yọ àwọn yẹn kúrò nínú ètò GS, ìyẹn ètò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nígbà tó di 1998 ẹgbẹ́ wọn, NATCA, bá wọn dúnàádúrà, ó wá di pé bí bàálù ṣe pọ̀ tó níbi kan àti bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe le tó ni wọ́n fi ń dá owó. Àwa tá a wà lọ́dọ̀ Defense, ilé iṣẹ́ ológun, orí GS la ṣì wà, step (àtẹ̀gùn owó) mẹ́wàá nínú grade (ipele iṣẹ́) kan, ọdún 18 lo sì máa fi gun gbogbo ẹ̀. Ọdún 18 o! Àwọn FAA gan-an náà jẹ tiwọn níyà o, 2006 ni wọ́n gé owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ẹni méjì á jókòó ti réda kan náà owó wọn ò dọ́gba, ó di 2009 kí wọ́n tó tún un ṣe.

Èmi, ìwé ẹ̀sùn olójú ewé mọ́kànlá ni mo kọ, mo to owó FAA síbẹ̀ bí ẹni to ẹrù ọjà. Èsì tí wọ́n fún mi ò ju ojú ewé kan àbọ̀ lọ, wọ́n ní àwọn ò lè fi iṣẹ́ mi wé ti ẹlòmíì, òṣùwọ̀n OPM, àjọ tó ń ṣètò òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, nìkan làwọn fi ń wọn iṣẹ́. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Màmá kan ní HR ló fà mí sí kọ̀rọ̀ tó ní ṣé mo ti ka position description mi rí, ìyẹn ìwé tó to iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mi ò kà á rí àfi ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí i! Ìgbà tí mo wá kà á, iṣẹ́ táwà nìkan ló wà ńbẹ̀. Réda tí wọ́n gbé fún wa lẹ́yìn ìgbà yẹn, tá a fi ń kó bàálù alágbádá wọ pápákọ̀ òfurufú méjì, wọn ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó ń gba oorun lójú mi, lórí ìwé kò sí.

Mo bá kó iye bàálù oṣù 12 jọ, mo kọ ohun tí mò ń ṣe ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá mi fọwọ́ sí i, wọ́n tún ìwé náà kọ kí wọ́n tó tún iṣẹ́ wọ̀n, wọ́n sì fi grade kan kún un. Ṣọ́ra o, wọ́n lè wọ̀n ọ́n kó jábọ́, mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Má sì retí pé wọ́n á san owó àwọn ọdún tó ti kọjá fún ẹ, àwọn lọ́yà ìjọba méjì kan tó wà ní GS-13 tí wọ́n ní iṣẹ́ GS-14 làwọn ń ṣe gbé e dé Supreme Court, 1976, wọn ò rí nǹkan kan gbà. Torí náà ọ̀sẹ̀ yìí ni kó o bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí ò tíì wọṣẹ́ rárá, tẹ́ ẹ ti ní ìrírí látọ̀dọ̀ ológun, ẹ bèèrè step tó ga kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, wọ́n láṣẹ láti fún yín, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti jáde kẹ́ ẹ tó wọlé ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ kan tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ wọlé sí step 6, èmi ọ̀gá ẹ̀ wà ní 4. Mo bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní òun kàn béèrè ni.