Alùpùpù tuntun tí ó ti fara pa kí ó tó dọ́wọ́ ẹni tí ó rà á

Arákùnrin wa tí ó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́-Ìpo, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ra alùpùpù tuntun ní Ìlọrin, ẹ gùn ún délé, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mẹkáníìkì yín fi hàn yín pé fọ́ọ̀kì iwájú, ìyẹn irin méjì tí ó di táyà iwájú mú, ti tẹ̀, àti pé ọ̀dà tuntun ni wọ́n fi bo ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀ lára férémù, ìyẹn egungun alùpùpù náà. Ẹni tí ó tà á ní òun yóò tún un ṣe fún yín láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n òun kò ní gbà á padà, nítorí pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gba àtúnṣe náà, kí ẹ fi ọlọ́pàá mú un, tàbí kí ẹ pè é lẹ́jọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ná. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé iwájú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe àgbà àdúgbò, àjọ ìjọba tàbí adájọ́, ohun kan ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín: níbo ni alùpùpù náà ti fara pa, ṣé kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ni, tàbí lẹ́yìn tí ẹ ti gùn ún? Bí ẹ bá ti ní ìdáhùn tí kò ṣeé jiyàn sí ìbéèrè yẹn, ìyókù yóò rọrùn. Bí ẹ kò bá ní i, kò sí ibi tí ẹ lè gbé e dé tí wọn kò ní sọ pé kí ẹ máa lọ bẹ ara yín.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ọ̀mù-Àrán ni mo ń gbé, òwò gààrí ni mo ń ṣe, mo sì nílò alùpùpù tí yóò máa gbé mi lọ sí àwọn abúlé tí ọkọ̀ kì í fẹ́ wọ̀. Mo ra tuntun ní ìgboro Ìlọrin, mo sì san owó rẹ̀ pé. N kò tíì kọjá Gánmọ tí mo fi ṣàkíyèsí pé bí mo bá ti dẹ ọwọ́ díẹ̀, apá òsì ni ó ń fà mí lọ. Mẹkáníìkì tí ó tú iwájú rẹ̀ wò nílé rí i pé ọ̀kan nínú irin fọ́ọ̀kì méjèèjì kò tọ́ mọ́, àti pé wọ́n ti tún ẹ̀gbẹ́ tọ́ńkì kan kùn. Nígbà tí mo padà lọ, ohun tí Alhaji tí ó ni ṣọ́ọ̀bù kọ́kọ́ sọ ni pé mo ti ṣubú lójú ọ̀nà, pé ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́.

Kí ẹ tó lè dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn, ó yẹ kí ẹ mọ bí alùpùpù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń tà á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọlé ní odindi. Inú àpótí ni wọ́n máa ń wà, tí wọ́n ti tú táyà iwájú, hándù, dígí ìwòyìn, bátìrì àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó yọ síta kúrò lára wọn, kí kọ̀ǹtéńà lè gba púpọ̀. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ni ó ń tò wọ́n pọ̀ lẹ́yìn náà. Bí àpótí bá já bọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí ọkọ̀ akẹ́rù, tàbí tí wọ́n fi ẹrù tí ó wúwo jù lé e lórí, alùpùpù inú rẹ̀ lè tẹ̀, ó lè bó, ó sì lè ya kí ẹnikẹ́ni tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i lára. Ẹni tí ó bá sì ti ná owó sórí ọjà bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ jẹ gbèsè rẹ̀, nítorí náà yóò pe ẹni tí ń jó irin àti ẹni tí ń kùn ún.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rí mi ti wá. Ẹni tí ó bá ti rí alùpùpù tí ó ṣubú mọ̀ pé àwọn ohun tí ó yọ síta jù ni ó ń kọ́kọ́ kanlẹ̀: orí hándù, ẹnu bírékì ọwọ́ àti ti kúlọ́ọ̀ṣì, ibi ìfẹsẹ̀lé, dígí ìwòyìn, àti ara sálẹ́ńsà. Lára tèmi, gbogbo ìwọ̀nyí ń dán, rọ́bà orí hándù kò tilẹ̀ ní eruku púpọ̀. Mo bi Alhaji pé báwo ni fọ́ọ̀kì ṣe lè tẹ̀, tí tọ́ńkì sì bó débi pé wọ́n ní láti tún un kùn, nígbà tí hándù tí ó yọ jù wọ́n lọ kò fara kan ilẹ̀ rárá, bí kò bá ṣe pé ìgbà tí a kò tíì so hándù mọ́ ọn ni ó ti fara pa? Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, Alhaji sì rán an níṣẹ́ kíákíá. Ó wá yí ohùn padà, ó ní kòtò ni mo kó sí. Ṣùgbọ́n kòtò tí ó bá lágbára tó láti tẹ irin fọ́ọ̀kì kò ní ṣàì fọwọ́ ba rímù iwájú, a sì gbé iwájú alùpùpù náà sókè níbẹ̀, a yí táyà rẹ̀, ó sì ń yí geere láìmì sọ́tùn-ún sósì. Lẹ́yìn èyí, kò sọ̀rọ̀ ìṣubú mọ́.

Tiyín tilẹ̀ yanjú ju tèmi lọ. Irin tí wọ́n jó ní ilé iṣẹ́ tí ó ti ṣe é máa ń wà lábẹ́ ọ̀dà kan náà tí ó bo gbogbo férémù, ó sì máa ń gún régé. Èyí tí wọ́n jó lẹ́yìn náà máa ń jó ọ̀dà àyíká rẹ̀, pàápàá ní ẹ̀yìn àti ní abẹ́ tí ẹni tí ń kùn ún kò ráyè dé, àwọ̀ ọ̀dà tuntun kì í sì í bá ti àtijọ́ mu dáadáa bí ẹ bá gbé e sí oòrùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á pé nínú òru ọjọ́ tí ẹ gbé e délé, ta ni ó bá yín jó irin, tí ó kùn ún, tí ọ̀dà sì ti gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́?

Nítorí náà, ẹ dẹ́kun gígùn rẹ̀ lónìí. Gbogbo kìlómítà tí ó bá gorí mítà láti ìsinsìnyí, ẹ̀rí fún ẹni tí ó tà á ni. Ẹ ya fídíò kan tí kò já láàárín, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mítà, kí ẹ fi nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣásíìsì hàn, kí ẹ tó lọ sí ibi tí ó ti bàjẹ́ àti sí àwọn ibi tí kò fara pa, nítorí pé àwòrán ibi tí ó tẹ̀ nìkan kò fi hàn pé alùpùpù yín gan-an ni. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí, ọjọ́ tí wọ́n rí i àti iye tí ó wà lórí mítà, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u tán tàbí kí ó tún ohunkóhun ṣe. Ẹ má sì tíì lọ gba nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ẹ bá ti fi orúkọ ara yín gba nọ́ńbà, ẹni tí ó tà á yóò sọ pé ẹ ti tẹ́wọ́ gbà á bí ó ti rí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí i. Ẹ lè fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp pẹ̀lú, nítorí pé ọjọ́ àti aago máa ń wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tẹ ẹ̀dà kan jáde kí ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè fún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè fún pààrọ̀ lónìí, fún owó lọ́la, fún ẹ̀dínwó lọ́tunla, ẹni tí ó tà á á sì máa wò wọ́n bí ẹni tí kò mọ ohun tí ó ń wá.

Ní ti àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí ó fi lọ̀ yín, n kò ní gbà á bí ó bá jẹ́ èmi. Tọ́ńkì tí ó bó ṣeé fara dà. Wọ́n lè fún yín ní òmíràn tàbí kí wọ́n yọ owó kúrò nínú ohun tí ẹ san. Ṣùgbọ́n irin fọ́ọ̀kì tí ó ti tẹ̀ tí a sì nà padà kì í lágbára bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, férémù tí wọ́n jó sì ni ohun tí ó gbé ẹ̀mí yín ró. Ojú ọ̀nà ìgbèríko wa kò ṣe jẹ́jẹ́ fún ohun tí ó bá ti ní àbùkù.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, èyí tí ó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó péye, tí ó ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, tí kò sì ní àbùkù. Òfin yẹn kan náà ní kí ẹni tí ó ń ta ọjà tí a ti tún ṣe tàbí tòkunbọ̀ jẹ́ kí ó hàn gbangba sí ẹni tí ń rà á. Ẹni tí ó jó férémù, tí ó kùn ún, tí ó sì tà á ní owó tuntun láìsọ fún yín ti rú u, ìlà kan tí ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí bébà kò sì lè gbà á sílẹ̀. Mo fi èyí yé Alhaji pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ àti pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, n kò pariwo, nítorí pé ariwo nínú ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà mìíràn wà máa ń mú kí ọlọ́jà rò pé òun kò gbọdọ̀ gbà lójú gbogbo ènìyàn.

Ní ti ọlọ́pàá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ ní kedere pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí àdéhùn tí ó bàjẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀rọ̀ bá ti dé àgọ́, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í náwó, alùpùpù náà lè wọ ọgbà ọlọ́pàá kí òjò sì máa pa á níbẹ̀.

Ohun tí ó wá tú ọ̀rọ̀ tèmi ni pé mo béèrè lọ́wọ́ Alhaji ibi tí òun náà ti ra ọjà. Títí di ìgbà náà, ó rò pé ṣe ni mo fẹ́ kí òun nìkan gbé àdánù náà. Ó yé e nígbà tí mo sọ pé bí àpótí bá ti fọ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀, alágbàtà ńlá tí ó kó o fún un ni ó yẹ kí ó dá a lóhùn, àti pé fídíò mi àti ìwé àwọn mẹkáníìkì lè ran òun lọ́wọ́ láti gba tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni a ti jọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò alùpùpù bá wa dá sí i, ó sì ṣe é dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti sọ pé n kò gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní Ìlọrin: wọn á ní kí ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, kí ẹ wo ojú àwọn àgbà, kí ó tó pẹ́, ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ ni ẹ óò máa wá bí ẹ óò ṣe tọrọ àforíjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì ní ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí.

Bí tiyín bá kọ̀ pátápátá, ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí FCCPC, kí ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín, rìsíìtì àti ẹ̀rí owó tí ẹ san mọ́ ọn. Ètò ìlàjà tí wọ́n ń pè ní Multi-Door Courthouse sì wà ní Ìlọrin fún ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ gidi. Kóòtù ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ ó sì tún nílò ẹni tí yóò máa ta ẹ̀yà ara alùpùpù náà fún yín.

Bí ó bá wá gbà láti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má gbé èyí tí wọ́n ti tò kalẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí àpótí lójú yín, kí wọ́n sì tò ó níwájú yín. Kí ìwé àdéhùn ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣásíìsì alùpùpù méjèèjì nínú, èyí tí ó ń padà àti èyí tí ẹ ń gbé lọ. Rìsíìtì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó fagi lé e lójú yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí. Wọ́n lè tún alùpùpù yẹn ṣe, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn, bí onítọ̀hún bá sì fi hùwà ibi, orúkọ yín ni wọn yóò bá lórí ìwé tí ó ní nọ́ńbà rẹ̀. Èmi rí i pé wọ́n fagi lé tèmi kí n tó gbé tuntun lọ sí ọ́fíìsì KW-IRS, àjọ owó orí ìpínlẹ̀ Kwara, láti gba nọ́ńbà.