Bí òkété bá dàgbà, ṣé iṣẹ́ ìríjú ìyá ti parí nìyẹn?

Màmá kan tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 67 ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ wọn ló ń tọ́jú wọn, àwọn ọmọ náà sì ní kí wọ́n máa sinmi. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa kó àwọn ìyàwó kéékèèké jọ kí wọ́n máa bá wọn sọ̀rọ̀, ni ẹnì kan bá sọ fún wọn pé "màmá, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ ẹ̀ ní í mu, ẹ ti ṣe tiyín, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fáwọn ọ̀dọ́." Màmá wá ní kí ni ìtumọ̀ òwe yẹn gan-an, ṣé Kristẹni obìnrin lè tìtorí ẹ̀ káwọ́ gbera, àbí Ọlọ́run ṣì máa bi í léèrè nǹkan kan.

Ẹ kú ìbéèrè màmá, ẹ sì kú iṣẹ́ ọmọ látẹ̀yìnwá, torí ẹni tí ọmọ ń tọ́jú lónìí, ó ní bó ṣe tọ́jú ọmọ náà lánàá. Ibẹ̀ gan-an ni òwe yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Òkété ń dàgbà, agbára ẹ̀ ń dín kù, kò lè jáde lóru lọ wá nǹkan wá sínú ihò mọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ọmọ tó ti fún lọ́mú rí ló wá kù tó máa fún òun náà lọ́mú. Kò sẹ́ni tó rò pé bẹ́ẹ̀ ni ẹranko yẹn ń ṣe lóòótọ́ o, ọ̀rọ̀ èèyàn làwọn àgbà ń sọ. Òbí tó ti ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ọmọ, tó bá dọjọ́ alẹ́ ẹ̀, kí ọmọ gbé e. Tẹ́ ẹ bá sì wo ibi tí wọ́n ti máa ń pa òwe yìí, ọmọ ni wọ́n sábà máa ń pa á fún, ọmọ tó ń ṣe bíi pé òun ò rí ìyá òun mọ́, tàbí kí ìyá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Gbèsè tó wà lọ́rùn ọmọ lòwe náà ń sọ. Kò dá sí iṣẹ́ tó kù lọ́wọ́ ìyá rárá, kò ní ó ti tán, kò ní ó kù. Ẹni tó pa á fún yín, ìfẹ́ ló fi pa á, mo mọ̀, àmọ́ ó ti gbé òwe kọjá ibi tó dé.

Apá tọmọ yẹn, Bíbélì fọwọ́ sí i pátápátá. Nínú 1 Tímótì 5:4 Pọ́ọ̀lù ní tí opó bá ní ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ, kí àwọn yẹn kọ́kọ́ kọ́ láti san oore òbí wọn padà nílé, torí ohun tó dáa lójú Ọlọ́run nìyẹn. Nígbà tó dé ẹsẹ 8 ọ̀rọ̀ wá le, ó ní ẹni tí ò bá pèsè fáwọn ará ilé ẹ̀ ti sẹ́ ìgbàgbọ́, ó burú ju aláìgbàgbọ́ lọ. Jésù fúnra ẹ̀ bá àwọn Farisí wí nínú Máàkù 7 torí wọ́n ń jẹ́ kí ọmọ sọ pé Kọ́bánì, ìyẹn pé ohun tóun ì bá fi ran ìyá òun lọ́wọ́, òun ti fi fún Ọlọ́run, ni ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe ẹ̀. Torí náà ẹ má tijú láti gbà lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn ìyá kan máa ń fi àìsàn pamọ́ torí wọn ò fẹ́ ni ọmọ lára, ìyẹn ò dáa, ara yín náà wà lára ohun tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ yín, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó bàjẹ́ nígbà tí ọmọ wà níbẹ̀ tó lè ṣe nǹkan sí i, kí lẹ fẹ́ sọ?

Àmọ́ ẹ wo Náómì ná. Ó bá ọkọ àti ọmọkùnrin méjì lọ sí Móábù, gbogbo àwọn ọkùnrin náà kú síbẹ̀, ó padà sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lọ́wọ́ òfo, ó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Márà torí Olódùmarè ti jẹ́ kí ayé òun korò. Rúùtù ìyàwó ọmọ ẹ̀ ló ń lọ pèéṣẹ́ lóko tó ń gbé oúnjẹ wálé fún un, òkété ti ń mu ọmú ọmọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ẹni tí Bóásì, ọkùnrin tó ni oko tí Rúùtù ti ń pèéṣẹ́, jẹ́ sí ìdílé wọn? Ta ló mọ ìlànà ìràpadà, ìyẹn pé kí ìbátan tó sún mọ́ òkú ra ilẹ̀ ẹ̀ padà kó sì fẹ́ opó ẹ̀, tó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́? Náómì ni. Rúùtù lágbára, kò mọ ilẹ̀, Náómì mọ ilẹ̀, kò lágbára. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, bó ṣe rí láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Nígbà tí Rúùtù wá bí Óbédì fún Bóásì, ẹ lọ ka Rúùtù 4:15 àti 16 tẹ̀ léra wọn. Ní ẹsẹ 15 àwọn obìnrin ń kí Náómì pé ọmọ yìí ló máa tọ́jú ẹ lọ́jọ́ ogbó. Ní ẹsẹ 16, Náómì gbé ọmọ náà lé àyà ẹ̀, òun náà sì di olùtọ́jú ọmọ. Ibẹ̀ yẹn máa ń wú mi lórí gan-an, torí wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán pé ọmọ máa bọ́ ọ tí ìyá àgbà ti nawọ́ gbé ọmọ. Óbédì yẹn ló bí Jésè, Jésè bí Dáfídì.

Màríà ìyá Jésù náà ńkọ́? Láti orí àgbélébùú ni Jésù ti fà á lé ọmọ ẹ̀yìn tó fẹ́ràn lọ́wọ́, ilé ẹni yẹn ló sì ń gbé (Jòhánù 19:26-27). Síbẹ̀ Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 1:14 dárúkọ ẹ̀ láàárín àwọn tó ń gbàdúrà pọ̀ ní yàrá òkè.

Ìfẹ̀yìntì wà nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run o, kẹ́ ẹ má rò pé ó ní kéèyàn máa ṣiṣẹ́ títí táá fi ṣubú. Nọ́ńbà 8:25-26 ní tí ọmọ Léfì bá ti pé ọdún 50 kó ṣíwọ́ iṣẹ́ ìsìn àgọ́, kó má ṣe é mọ́, àmọ́ kó máa bá àwọn arákùnrin ẹ̀ ṣe ìránṣẹ́, kó máa bá wọn bójú tó nǹkan. Wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹ̀, wọn ò lé e kúrò láàárín wọn. Ọkùnrin lòfin yẹn bá wí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lè rí ara ẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló wá kù lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ máa jíhìn ẹ̀? Ìríjú ni ẹni tí ọ̀gá fa ohun ìní ẹ̀ lé lọ́wọ́, ohun tí 1 Kọ́ríńtì 4:2 sì ń wá lára ẹ̀ ni pé kó jẹ́ olóòótọ́, kò ní kó jẹ́ ọ̀dọ́, kò ní kó jẹ́ olówó. Títù 2:3-5 wá dárúkọ ọ̀kan tààrà: kí àwọn àgbà obìnrin máa kọ́ni ní ohun rere, kí wọ́n máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin sọ́nà bí wọ́n á ṣe fẹ́ràn ọkọ wọn àti ọmọ wọn. Títù ni Pọ́ọ̀lù fi sílẹ̀ ní Kírétè kó tún ìjọ ṣe, síbẹ̀ kò ní kí Títù fúnra ẹ̀ lọ máa kọ́ àwọn ìyàwó kéékèèké, àwọn ìyá ló gbé e fún. Ohun tí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ní kẹ́ ẹ wá ṣe, ibi tó ti wá nìyẹn. Ẹsẹ 3 yẹn náà ló ní kí wọ́n má jẹ́ abanijẹ́, torí ẹ̀ àṣírí tí ìyàwó kékeré bá wá sọ fún yín, ohun ìní ẹlòmíì ló wà lọ́wọ́ yín yẹn, kò gbọ́dọ̀ dé etí ìyá ọkọ ẹ̀, kò gbọ́dọ̀ di kókó àdúrà nínú ìpàdé.

Àwọn àgbà tún ní òwe míì tó bá ọ̀rọ̀ yín mu ju tòkété lọ: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé. Ẹni tó jẹun tí ò rántí àwọn tó wà lẹ́yìn, kò sọ́mọdé tó máa bá a gbé igbá. Ọgbọ́n tẹ́ ẹ fi tọ́ ọmọ, ẹkún tẹ́ ẹ sun tí Ọlọ́run nù ún, bẹ́ ẹ ṣe fara dà á nígbà tí ò sówó, tẹ́ ẹ bá dá nìkan jẹ gbogbo ẹ̀, àjẹìwẹ̀yìn nìyẹn náà. Ìgbàgbọ́ Tímótì, inú Lọ́ìsì ìyá ìyá ẹ̀ ló ti kọ́kọ́ wà (2 Tímótì 1:5).

Ibi tí mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ àwọn ìyá jù. Àwọn kan máa ń gbé ìtàn opó tó ju owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí (Máàkù 12:41-44) wá síwájú wọn, wọ́n á ní kí wọ́n lọ kó gbogbo ohun tó wà ní báńkì wá, torí opó yẹn kó gbogbo tiẹ̀ sílẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn, ẹ sún sókè díẹ̀ lọ ka ẹsẹ 40, ibi tí Jésù ti dá àwọn akọ̀wé lẹ́bi pé wọ́n ń jẹ ilé àwọn opó run, wọ́n sì ń gba àdúrà gígùn láti fi ṣe àṣehàn. Ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì wà. Jésù yin ọkàn obìnrin yẹn, kò rán ẹnikẹ́ni lọ gba tọwọ́ ẹ̀. Fífúnni dáa, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, Jòánà àti Sùsánà àtàwọn obìnrin míì fi ohun ìní wọn ṣe ìránṣẹ́ fún Jésù (Lúùkù 8:3), àmọ́ ìríjú tó bẹ̀rù Ọlọ́run lè sọ pé rárá. Ẹni tó bá ń pè yín lórí fóònù pé kẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ kíákíá kí iṣẹ́ ìyanu yín má bàa kọjá lọ, ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ tàbí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán. Owó tí ọmọ bá sì ní kẹ́ ẹ fi ra oògùn, oògùn ni kẹ́ ẹ fi rà.

Ẹ ṣètò ìwé ilé àti ohun ìní yín náà. Obìnrin ará Ṣúnémù nínú 2 Àwọn Ọba 8 padà láti ibi tó lọ fún ọdún 7 nígbà ìyàn, ilé àti ilẹ̀ ẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀dọ̀ ọba lọ, ó sọ tẹnu ẹ̀, ọba ní kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀ padà fún un tòun ti èrè oko náà látọjọ́ tó ti lọ. Kí lọ́yà bá yín kọ wíìlì nígbà tí ojú yín ṣì dá, kẹ́nì kan tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé mọ ibi tó wà.

Ìyá tí ò bímọ, tàbí tí ọmọ ẹ̀ ti kú, òwe òkété lè dùn ún, mo bẹ̀ yín ẹ má pa á létí ẹ̀. Ìjọ ló yẹ kó tọ́jú irú wọn, 1 Tímótì 5:16 sọ ọ́ kedere. Àwọn opó tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà yẹn, tí wọn ò dín ní ọdún 60, iṣẹ́ rere ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n, pé wọ́n gba àlejò, wọ́n ran ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ pé ara ò gbé e mọ́ ńkọ́? Annà ọmọ Fánúẹ́lì, ọdún 7 péré ló fi wà pẹ̀lú ọkọ kó tó di opó. Lúùkù 2:37 mẹ́nu ba ọdún 84, àwọn kan kà á sí ọjọ́ orí ẹ̀, àwọn míì ní iye ọdún tó fi ṣe opó ni, èyí ó wù ó jẹ́, arúgbó ni. Ààwẹ̀ àti àdúrà niṣẹ́ ẹ̀, nígbà tí wọ́n sì gbé Jésù wá sí tẹ́ńpìlì ó wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún gbogbo àwọn tó ń retí. Ẹ má wá tìtorí Annà fi ààwẹ̀ pa ara yín lára, tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó gbààwẹ̀.

Ní tiyín màmá, mi ò ní kẹ́ ẹ gba gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ sọ fún olórí àwọn obìnrin pé ìyàwó méjì tàbí mẹ́ta lagbára yín ká, kí wọ́n máa wá bá yín nílé, tàbí kẹ́ ẹ máa fi fóònù bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí ara bá le. Káwọn ọmọ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kí wọ́n má bàa rò pé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ lò yín nílòkulò, kẹ́ ẹ sì sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi sinmi fún gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ń wá ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀, Rúùtù orí 1 dáa, ibi tí Náómì ti sọ pé ayé òun korò, torí ìyàwó kékeré tó ń fara da nǹkan lọ́wọ́ máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá tó dàgbà sínú ìgbàgbọ́ ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.