Ara ọmọ mi le, kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Mushin ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin méjì àti ọkùnrin kan tẹ̀lé alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, wọlé wa. Wọ́n ní ìwádìí ibà làwọn ń ṣe, àwọn fẹ́ gún ọmọ mi níka, ọmọ ọdún mẹ́rin tí ara ẹ̀ le koko, kí n wá fọwọ́ sí ìwé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí bàbá ẹ̀ dé. Bàbá ẹ̀ dé, ó ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ òun kọ́ ni wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́. Ìyá ọkọ mi ní wọ́n máa lọ tà á ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń padà bọ̀. Ṣé kí n gbà ni àbí kí n má gbà? Ìyá Wàlíù.

Ìdáhùn: Ìyá Wàlíù, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n tètè mú ọ̀kan kúrò nílẹ̀: tí ẹ bá ní ẹ ò ṣe, ẹ ò ṣe náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ lé yín ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára du Wàlíù. Ti alága CDA tó bá wọn wọlé, ìyẹn dáa, ó fi hàn pé wọn ò fo fẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n alága ò lè bá yín gbà á. Òun kọ́ ló bí Wàlíù.

Irú iṣẹ́ yẹn lèmi náà ń ṣe, apá Yábà níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ó jọ pé àwọn tó wá yẹn ò ṣàlàyé tó. Ó máa ń bí mi nínú: ìwé ojú méje, wọ́n á sáré kà á bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè, wọ́n á ní "Màmá, ẹ fọwọ́ síbí." Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ yẹn nìyí.

Ìka tí a ń fi òrùka sí la sábà máa ń gún, lọ́wọ́ tí ọmọ kì í fi jẹun, ní ẹ̀gbẹ́ ìka, torí àárín orí ìka ló máa ń dun ọmọ jù. A ó fi sípíríìtì nù ún, a ó jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá kọ́kọ́ yọ, òwú la fi ń nu ìyẹn dànù. Nínú èyí tó tẹ̀lé e, ẹ̀kán kan tín-ín-rín á lọ sínú ike funfun pẹlẹbẹ kan, wọ́n á kán omi tiẹ̀ sí i, tó bá fi máa di bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilà á yọ. Bó bá jẹ́ ilà ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà C nìkan ló yọ, wọn ò rí kòkòrò ibà. Bí òmíràn bá yọ pẹ̀lú ẹ̀, ó wà. Bí ti C ò bá yọ rárá, ike yẹn ti bàjẹ́, kí wọ́n lo òmíràn. Ẹ̀kán mìíràn á lọ sórí gíláàsì, tí ẹnì kan máa fi awò wò. Ìyókù, bí ẹ̀kán mẹ́rin, orí páálí rírọ̀ kan tí wọ́n ya òbìrìkìtì sí ló ń lọ. Ó máa ń fa ẹ̀jẹ̀ mu bí bébà tí wọ́n fi di àkàrà ṣe ń fa epo. A ó sá a kó gbẹ, a ó sì fi sínú ọ̀rá pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣíbí tíì. Ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀jẹ̀ ò ní torí ìyẹn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ìyá ọkọ yín, àmọ́ ẹ rọra sọ ọ́ o.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ tí ara ẹ̀ le? Ìdí ni pé kòkòrò ibà lè wà lára ọmọ kó máa sáré kiri, kó máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀fọn á jẹ ẹ́ lóru, á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí ara tiẹ̀ ò gbà á. Ilé ìwòsàn ò lè ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀, torí kò ní débẹ̀. Ní 2010, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún wò láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà, èyí tí ara ẹ̀ dá àti èyí tí ara ẹ̀ ò dá. Nínú 100, kòkòrò ibà wà lára 42. Nígbà tí wọ́n tún ṣe é ní 2021, ó ti wálẹ̀ sí 22. Ọmọ bíi Wàlíù ni wọ́n gún kí a tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí tiwọn kéré jù lọ, ìyẹn ló sì fà á tí a fi ń gún ọmọ púpọ̀ kí a tó rí ọ̀kan. Ó tún ń kọ́ wa ní nǹkan mìíràn: ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá sáré lọ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, ó lè má jẹ́ ti ẹ̀fọn rárá. Èdè wa náà dá kún un. Ara gbóná, ibà ni. Kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀, ibà náà ni.

Ọ̀rọ̀ bàbá Wàlíù, mi ò ní fi ṣẹ̀rín. Ní 1996, nígbà tí yínrùnyínrùn tó ń mú ọrùn le ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, ilé-iṣẹ́ oògùn Pfizer kó 200 ọmọ jọ. Wọ́n fún 100 ní oògùn tuntun tí wọ́n ń dán wò, wọ́n fún 100 yòókù ní èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn òbí ní wọn ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn sọ, ó sì ní àrùn yẹn ló pa wọ́n. Ẹjọ́ dé Amẹ́ríkà. Ọdún 2009 ni wọ́n tó bá ìjọba Kano ṣàdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn tí kò bi ìbéèrè ló yẹ kó yani lẹ́nu.

Ìtàn kan tún wà tó kan Yábà níbí. Láti 1925 ni àwọn dókítà kan láti òkè òkun ti fi Yábà ṣe ibùdó, tí wọ́n ń wá ohun tó ń fa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà báyìí. Ara Asibi yá. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, kó àrùn yẹn, ó sì kú ní Èkó lọ́dún náà gan-an. Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni wọ́n gbé dé New York, tí wọ́n tọ́ títí ó fi di abẹ́rẹ́ àjẹsára ní 1937. Max Theiler gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ ní 1951. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín, inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yẹn ló ti wá. Asibi ńkọ́? Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe kòkòrò náà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí àwọn òbí béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ wo ìwé yẹn dáadáa: ṣé wọ́n kọ ọ́ pé àwọn máa tọ́jú páálí náà pamọ́? Fún ọdún mélòó? Ṣé ó ń lọ sókè òkun? Ẹ lè gbà kí wọ́n gún un, kí ẹ sì ní kí wọ́n má tọ́jú ìyókù. Ìwé tó bá dáa á ní àyè méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òfin ìlera ti 2014 ní dandan ni kí wọ́n gba ìyọ̀ǹda lákọsílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ohun tí iṣẹ́ náà wà fún àti ohun tó lè ṣe sí ara. Ìwé kan gbọ́dọ̀ kù sí yín lọ́wọ́. Kí nọ́ńbà fóònù ìgbìmọ̀ tó yẹ iṣẹ́ wọn wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ti ọ̀gá wọn nìkan ò tó. Ẹ pè é lójú wọn. Èmi ò bínú rí tí wọ́n bá pè é lójú mi.

Ẹ béèrè èsì pẹ̀lú. Lọ́dún kan, iṣẹ́ kan tí mo bá wọn ṣe ní àdúgbò kan lẹ́bàá ọ̀sà, a gbẹ̀jẹ̀ ọmọ bí 200, a ní a máa mú èsì awò padà wá. Owó iṣẹ́ tán, a ò padà. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo tún bá àwọn mìíràn débẹ̀. Ìyá kan tó ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà wò mí, kò tiẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ gbẹ́jẹ̀ lọ. Èsì dà?" A kó ẹrù wa, a padà.

Èsì ike, lójú ẹsẹ̀ ni. Bí ilà méjì bá yọ, kí wọ́n fún yín lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n júwe ibi tí ẹ ti máa rí i gbà. Bí Wàlíù bá ti lo oògùn ibà láàárín oṣù kan sẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn, torí ìdọ̀tí tí kòkòrò yẹn fi sílẹ̀ ni ike máa ń rí, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Owó ńkọ́? Wọn ò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Tí wọ́n bá sì ń fi owó ńlá bẹ̀ yín, ẹ tilẹ̀kùn.

Ní ti bàbá Wàlíù, ẹ má gba ẹ̀yìn ẹ̀ fọwọ́ síwèé o. Tí kò bá ní sí nílé, ẹ pè é, ẹ fi fóònù sí sípíkà, kí òun fúnra ẹ̀ bi wọ́n.

Tí ẹ bá jọ gbà, ẹ jẹ́ kí Wàlíù ti jẹun kí wọ́n tó dé. Ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á tètè yọ, wọn ò ní gún un lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín, ẹ fi bisikíìtì sí i lọ́wọ́ kejì. Ẹ má purọ́ fún un pé kò ní dùn ún. Bó bá ké, tó ní òun ò ṣe mọ́, ẹ ní kí wọ́n máa lọ, kódà bí ẹ ti fọwọ́ síwèé.