"Èèyàn 1,000" nìkan ò tó fi ṣe àfojúsùn load test

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá wa ní kí n ṣe load test (ìdánwò bóyá èrò púpọ̀ lè lo áàpù lẹ́ẹ̀kan náà) fún áàpù tí àwọn oníbàárà fi ń ṣe ọ́dà. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ kò ju pé kó lè gba èèyàn 1,000 lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì máa dáhùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ní kí JMeter tàbí k6 (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe load test) kó aṣàmúlò 1,000 jọ, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ láìsinmi, tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 2, request 500 (ìyẹn ohun tí áàpù ń béèrè) ni yóò máa já lu server (kọ̀ǹpútà tó ń dá áàpù lóhùn) ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Èèyàn gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á kà á, á rò ó, á gbé fóònù sílẹ̀ ná. Ká ní ó ń sinmi fún ìṣẹ́jú àáyá 38 kó tó tún tẹ nǹkan: 38 àti 2 jẹ́ 40. Ẹ pín 1,000 sí ọ̀nà 40, request 25 péré ló kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Little's Law ni wọ́n ń pe ìṣirò yìí. Èèyàn 1,000 kan náà, àmọ́ ẹrù kan fi ìlọ́po 20 ju ìkejì lọ!

Nítorí náà, iye request ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Inú log (àkọsílẹ̀ tí server ń ṣe) ti wákàtí tí èrò pọ̀ jù ni kí ẹ ti wá a. Bí áàpù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ẹ bi àwọn tó ń tajà léèrè iye ọ́dà tí wọ́n ń retí ní wákàtí yẹn.

Ìṣẹ́jú àáyá 2 yẹn náà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní àròpín ni, ẹ má gbà. Ká ní ọ́dà 100 wọlé: 95 gba ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, 5 tó kù gba 12. Àròpín rẹ̀ ò pé 1.1, ó ti yege nìyẹn. Kódà 95th percentile (àkókò tí 95 nínú 100 kò kọjá) á ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni. 99th percentile ló máa tú àṣírí 12 yẹn. Àwọn márùn-ún wọ̀nyẹn ló sì máa tẹ bọ́tìnì ìsanwó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ béèrè 95th àti 99th percentile méjèèjì.

Ẹ tún fi iye àṣìṣe tí ẹ lè gbà sí i, torí server tó ti dákú lè máa yára dá error 500 (àmì pé nǹkan bàjẹ́ lọ́dọ̀ server) padà, kí èsì yín sì dára lójú. Kí database (ibi tí áàpù ń kó ìsọfúnni sí) tí ẹ fẹ́ lò sì kún bíi ti gidi.

Ohun tí mo máa kọ rèé, bí log bá fi request 10 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì fẹ́ fi àyè sílẹ̀ dé ìlọ́po 3: "Ní request 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún wákàtí kan gbáko, ọ́dà 95 nínú 100 gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1, 99 láàárín 3, àṣìṣe ò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ nínú 1,000." Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yín fọwọ́ sí i kí ẹ tó kọ script kankan (ìlànà tí irinṣẹ́ náà máa tẹ̀ lé).