Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ka ògógóró léèwọ̀, kí ló sì ń pa àwọn tó ń mu ún?

Owó ibodè ló fà á jù. Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919, tí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe lórí òwò ọtí ní Áfíríkà, ló ka pípọn ọtí líle léèwọ̀, àmọ́ owó tó ń wọlé lórí jíìnì òkè òkun ni ìjọba ń ṣọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, jíìnì wọ́n gógó, ni àwọn èèyàn bá ń pọn tiwọn látinú ẹmu ògùrọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí ẹmu kan, wọ́n á sè é nínú àgbá, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù. Inú igbó lẹ́bàá odò ni wọ́n ti ń ṣe é, torí omi àti torí ọlọ́pàá.

Ẹmu fúnra rẹ̀ kọ́ ni ewu ńlá. Mẹ́táńọ́ọ̀lù, kẹ́míkà olóró ti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń dà mọ́ ọtí ni. Ojú tàbí imú kò lè dá a mọ̀. Òun ló pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, lóṣù kẹrin ọdún 2015.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra párága (ọtí líle tí wọ́n fi egbòogi sí) ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́: ara lè dá ṣáṣá fún wákàtí 12 sí 24 kí ojú tó ṣú, kí inú tó máa run, kí èémí tó máa yára. Epo pupa àti mílíìkì kò ràn án. Ẹ gbé onítọ̀hún lọ sí ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìyókù ọtí náà dání.