Ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́

Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín fẹ́ wa ọkọ̀ alájẹ̀ lọ sí adágún kan tó dá wà nínú igbó, pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní, pé àlọ àti àbọ̀ jẹ́ kìlómítà 40, ẹ wá ń béèrè ohun tí ẹ máa dì sẹ́rù. Ẹrù kọ́ ni ìṣòro yín o. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́rin, tàbí kí ẹ gé ìrìn náà kúrú.

Lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni ará iwájú tó jìn sí kòtò. Èmi àti àbúrò mi la jọ lọ nígbà àkọ́kọ́. A tẹ́ máàpù sílẹ̀, a pín ìrìn sí mẹ́ta géérégé. Ọkọ̀ tó ru ẹrù dáadáa á máa rin bíi kìlómítà 4 sí 5 ní wákàtí kan, ìṣirò náà sì dùn lórí tábìlì. A ò ka afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ kẹta la dé etí adágún ńlá tó kẹ́yìn, aago méjì ọ̀sán ti lù, ìgbì ti ń fọ́ funfun lójú omi. Mò ń wo ibi tí a gbé mọ́tò sí ní òdìkejì, kò tó kìlómítà 2. Bí a bá gba etí omi yípo, á tó 5. Àbúrò mi ní ká sùn síbẹ̀, ká lọ láàárọ̀. Mo sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni mo ní ká la àárín kọjá.

Ká tó dé ìdajì, ìgbì ti ń da omi sínú ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Omi inú ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ọkọ̀ bá ti tẹ̀ sápá kan báyìí, gbogbo omi náà á ya síbẹ̀, ó parí. A dojú dé. Ohun tí n kò lè gbàgbé ni èémí: òtútù omi yẹn mú kí n máa mí hẹlẹhẹlẹ, bí mo ṣe fẹ́ dá a dúró tó, kò gbà. Àbúrò mi wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú ènìyàn léfòó lójú omi. Èmi ti fi tèmi ṣe tìmùtìmù. Ara ọkọ̀ la rọ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ tó dà wá nù náà ló sì tì wá dé bèbè. Nígbà tí a gòkè, ìka mi ò lè tú okùn àpò, bẹ́ẹ̀ inú àpò yẹn ni ìṣáná wà, ó ti rin gbingbin.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó kọ́ bí omi tútù ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni ti èémí tó ń sá yẹn. Ẹni tó bá mu omi nígbà náà lè má dìde mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ní bíi ìṣẹ́jú 10 kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún yín. Ó lè tó wákàtí kan kí òtútù tó mú kí ènìyàn dákú. Nítorí náà ara ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì ń gbé, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní dídè. Kò sẹ́ni tó ń rí i wọ̀ nínú ìgbì.

Bí mo ṣe ń ṣètò báyìí nìyí. A máa ń wà lórí omi kí oòrùn tó là, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, àárọ̀ ni omi máa ń pa rọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ á sì le lọ́sàn-án. Bó bá ti di ọ̀sán, a ti pàgọ́. Mo máa ń wo máàpù láti mọ ibi tí adágún gùn sí: bí afẹ́fẹ́ bá gba ibi tó gùn yẹn wá, ìgbì á ga ju ti ibi tó fún lọ. Etí omi la ń tọ̀, kódà bí ó bá sọ ìrìn di ìlọ́po méjì. Bí afẹ́fẹ́ bá sì le láti àárọ̀, a ò kúrò níbi tí a wà. Ọjọ́ kẹrin wà fún un.

Ẹ má gbàgbé ibi tí ẹ máa ti ru ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ láti omi kan sí èkejì. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì sábà máa ń wọn kílò 20 sí 35. Bí ẹ kò bá lè ru ọkọ̀ àti ẹrù lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ, ẹ máa bọ̀, ẹ máa tún lọ. Kìlómítà 1 ti di 3 nìyẹn! Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lé èjìká nílé, kí ẹ fi rìn díẹ̀. Ẹrù tí ẹ ń béèrè yẹn á dínkù fúnra rẹ̀.

Ìyókù kò le. Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ láàárín ni. Aṣọ àti ìṣáná, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá méjì. Bí ìgbì bá dé, ẹ kúnlẹ̀. Omi mímu, ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan. Ìgbẹ́, ẹ rìn jìnnà sí omi tó mítà 60 kí ẹ tó gbẹ́ ihò.

Ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà sínú ìwé, kí ẹ fún ẹnì kan nílé. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ẹni náà gbọ́dọ̀ ké sí àwọn tó ń wá ènìyàn tó sọnù bí ẹ kò bá tíì dé, kí ẹ sì ka ọjọ́ kẹrin mọ́ ọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìbẹ̀rù pé ẹ ti pẹ́ á tì yín sínú afẹ́fẹ́ bíi tèmi. Adágún tó dákẹ́ tí ẹ ń wá yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ igbe níbẹ̀, fóònù náà lè má rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bí afẹ́fẹ́ kò bá sì jà, ọjọ́ náà di tiyín. Ọjọ́ kan báyìí ni mo fi gbogbo àárọ̀ jókòó sórí àpáta, tí mò ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán lára àjẹ̀ ẹnìkan tó ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Àbúrò mi ni. Ó ti jí lọ pẹja, kò sì rí nǹkan kan pa.

Ẹ sọ ìhà tí adágún yín gùn sí fún mi, àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń wá níbẹ̀, ká lè jọ wo etí omi tí ẹ máa tọ̀.