Ìwà là ń “instil”, a kì í “instil” ọmọ

Àbúrò mi, o béèrè bóyá “My mother instilled me with honesty” tọ̀nà. Kò tọ̀nà o. “Instil” ni kéèyàn máa gbin ìwà sínú ẹlòmíì díẹ̀díẹ̀. “My mother instilled honesty in me” ni kó o kọ. “Into me” náà dáa. Inú èdè Látìn ni “instil” ti wá, láti ara “stilla”, ìyẹn ẹ̀kán omi. Àwọn dókítà ṣì ń lò ó fún oògùn ojú. Wo ìyá tó ń kán oògùn sójú ọmọ: oògùn ló ń kán, kò kán ọmọ! Díẹ̀díẹ̀ sì ni, bí wọ́n ṣe ń ní ká kúnlẹ̀ kí “ẹ káàárọ̀” lójoojúmọ́ títí ó fi mọ́ wa lára. Tó bá jẹ́ “with” lo fẹ́ dandan, lo “imbue”: “My mother imbued me with honesty”. “L” kan làwọn ará Ìlú Ọba ń kọ níparí “instil”, Amẹ́ríkà ń kọ méjì. Ṣùgbọ́n “instilled” kò yàtọ̀ níbì kankan.